Ibi Tí Omi Ti Ń Kán Kọ́ Ló Ti Ń Jò

Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra, kí ẹ jókòó. Àkàrà tó wà nínú epo yìí kò tíì jinná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi ti jinná. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bí ènìyàn bá wà nínú ọkọ̀ náà, ṣé èmi ni mo gbé e síbẹ̀?

Ilé alájùmọ̀gbé ni tiwa ní Ìbàfò níbí, yàrá kọjú sí yàrá, ìlẹ̀kùn mẹ́wàá, etí ogójì. Ẹni tó bá sín ní yàrá kìíní, yàrá kẹwàá ni wọ́n ti máa kí i pẹ̀lẹ́. Yàrá kẹta ni Bàbá Alágbò àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Alágbo, ń gbé. Ẹ fetí sí ohùn mi dáadáa o. Bàbá ń ta àgbò, èyí tó ń kàn. Ìyá ń ta àgbo, èyí tó ń korò. Ohùn ìkẹyìn nìkan ló yà wọ́n. Ní ọdún ìjẹta, ẹnìkan tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù láìfi àmì sí i, pé òun ń fẹ́ "agbo nla kan" fún ọdún. Ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ga jù lọ ni wọ́n gbé dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ Iléyá. Wọ́n ní ó mu ún, torí ó ti sanwó.

Ọkọ̀ tí Bàbá fi ń kó àgbò láti Kárà, ọjà ẹran tó wà lẹ́bàá odò Ògùn kí ènìyàn tó dé Bẹ́gà, ni píkọ́ọ̀pù Píjó 504 kan tó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Ẹ má dán an wò kí ẹ bú ọkọ̀ náà lójú rẹ̀. Yóò ní ọmọ Kàdúná ni, pé ilé iṣẹ́ Píjó tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1975 ló bí i. Yóò ní nígbà tí àwọn òyìnbó Yúróòpù yan ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ fún ọdún 1969, Píjó 504 ni wọ́n mú. A ó ní, "Bàbá, a ti gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé ọdún 1969 ló máa tì wá dé Bẹ́gà lónìí?" Inú á bí i, á lọ máa nu gíláàsì iwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí bàbá mi tó bí mi lọ́mọ. Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá ni tiẹ̀. Ní ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Òjó, l'Ékòó. Ìjàpá kì í mu omi! Ẹ̀yìn ni ẹ́njìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì fi ń tura. Bàbá mi á máa fi àwọn oní-Píjó ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Tèmi kò béèrè omi, tiyín ń mu omi bí ẹni jẹ iyọ̀." Ṣùgbọ́n Ìjàpá kò lè kó àgbò mẹ́jọ, nítorí náà ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ Píjó.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ra píọ̀wọ́tà. Kì í ṣe ọ̀rá kan, ọ̀rá méjì o. Odindi àpò, ogún ọ̀rá, láràárọ̀. Bó bá fi máa di alẹ́, ó ti tán. Ìyá Alágbo bi í pé, "Bàbá, ta lẹ fi ń wẹ̀?" Bàbá ní, "Òùngbẹ ń gbẹ ọkọ̀ ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ṣé èsì nìyẹn? Ọkùnrin tó ń wọlé ní aago mẹ́fà wá ń wọlé ní aago mẹ́sàn-án. Òjò kò rọ̀, orókún ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì rin gbindin, ẹrẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó bá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ta ló ń bẹ̀?

Èmi kò sọ nǹkan kan. Mo kàn sọ fún Ìyá Alágbo pé mo rí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Mowé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ obìnrin kan tó ń ta omi tútù, pé obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì funfun. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín funfun kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ká sòótọ́, ohun tó ń gbẹ ọkọ̀ náà kò fara sin. Láràárọ̀ la ń bá omi nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tó, tó, tó, bí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ilé wa kò ní mẹkáníìkì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n dókítà ọkọ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Bọ̀dá yàrá kejì ní kí wọ́n da ata gígún sínú rédíétọ̀, pé ata á wá ihò náà rí fúnra rẹ̀. Àáfà yàrá kẹsàn-án ní ẹyin ló dára jù, pé bí omi bá gbóná, ẹyin á dì. Ìyá Ìbejì ní gààrí ni, torí gààrí ń wú. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀: gààrí wo? Àwọn kan ní ti Ìjẹ̀bú. Àwọn kan ní ti Ìjẹ̀bú kò wú tó, pé pupa ni. Wọ́n rẹ ìkọ̀ọ̀kan sínú ife láti fi dán an wò. Kí ó tó wú tán, àwọn ọmọ ti fi ṣúgà sí i, wọ́n ti mu ún.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ata àti ẹyin a máa dí ihò kékeré fún ọjọ́ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú rédíétọ̀ kún fún ojú ọ̀nà tóóró tóóró tí omi ń gbà kọjá, ata kò sì mọ ihò tí a rán an sí yàtọ̀ sí ọ̀nà tí a kò rán an sí. Gbogbo rẹ̀ ló máa dí pa.

Bàbá kò da ata. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló gbé e tọ̀ lọ, n kò ní dárúkọ wọn nítorí àlàáfíà. Ẹni kìíní wo ibi tí omi ti ń kán, níbi tí rọ́bà omi ìsàlẹ̀ ti tẹ̀ kọdọrọ. Ó gé tíyúbù táyà àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi wé e. Ẹni kejì bá wíwé náà níbẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù kùn ún, ó tún wé tirẹ̀ lé e lórí. Ẹni kẹta ní tẹ̀mósítáàtì ló ń fa gbogbo wàhálà. Ó yọ ọ́ sọ nù, ó ní ilẹ̀ wa gbóná jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Rọ́bà náà wá wú bí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Omi ṣì ń kán.

Ẹ sì mọ títì wa. Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 127 ó lé díẹ̀, kò sí ará Ìbàfò tí kò ní ìtàn tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní 2013, tí ilé iṣẹ́ Julius Berger gba apá Èkó sí Ṣàgámù, ọ̀pọ̀ ọdún la fi jẹ eruku. Bó bá wá bọ́ sí Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù, tí ayé ń lọ sí ìpàdé àdúrà ní àgọ́ Rìdẹ́ḿṣọ̀n, tàbí ọ̀sẹ̀ Iléyá tí gbogbo ayé ń wá àgbò, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló kù. Ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti ń tú àṣírí olówó rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ iwájú á máa fẹ́ sí rédíétọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù fún un. Ọkọ̀ tí omi rẹ̀ kò bá pé, kò lè dúró pẹ́ kó má hó.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ́, ẹ̀wà ni mo lọ rà ní Mowé. Mo rí èrò, mo yà síbẹ̀. Píjó Bàbá ló dúró, bọ́nẹ́ẹ̀tì là sílẹ̀, oru ń rú jáde bí ìkòkò àmàlà, àgbò méjì wà lẹ́yìn, wọ́n ń wò bí ẹni kò mọ̀ ọ́n. Bàbá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ méjì ló yọ síta, ìka ẹsẹ̀ náà ní kíútẹ́ẹ̀sì pupa.

Mo mú fóònù mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Iya Alagbo, e tete maa bo. Obinrin kan wa labe oko yin ni Mowe. Gbogbo eniyan n wo won." Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ọkọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Fóònù mi kò mọ àmì ohùn. Ṣé èmi ni mo ṣe fóònù?

Ẹni tó jáde lábẹ́ ọkọ̀ ni ọmọbìnrin kan nínú ofaróòlù, gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́. Mẹkáníìkì ni! Bọ̀dá kan nínú èrò ní, "Ṣé obìnrin náà ń ṣe iṣẹ́ yìí ni?" Mo ní kó dákẹ́, mo ti gbọ́ nípa Sandra Aguebor, tó dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ ní 2004 láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ mẹkáníìkì. Bí a bá lè gbé ọmọ fún oṣù mẹ́sàn-án nínú, tá a tún pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, kí ni ẹ́njìnnì?

Bàbá na ọwọ́ láti ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ọmọ náà yára di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Omi máa ń hó ní digíríì 100, ṣùgbọ́n ìdérí yìí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ láìhó. Bí ẹ bá ṣí i báyìí, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú yín ló sì máa bọ́ sí." Bàbá ní òun á da omi tútù lé ẹ́njìnnì lórí. Ọmọ náà ní, "Ẹ fẹ́ kó sán ni?" A wá jókòó dè é kó tutù, bíi wákàtí kan.

Níbi tá a jókòó sí ni mo ti rántí ìyá ìyá mi, ará Ìfọ̀. Ojú irin tí wọ́n ṣe láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, gba Ìfọ̀ kọjá. Ìyá àgbà a máa sọ pé bí rélùwéè àtijọ́ kò bá hó, kò ní rìn. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n òyìnbó: ọkọ̀ kan, ó di dandan kí omi rẹ̀ hó; ọkọ̀ kejì, bí omi rẹ̀ bá hó, ó parí. Èmi tí mo ń hó lójoojúmọ́, n kò mọ èwo ni mí.

Nígbà tó tutù, ọmọ náà gé tíyúbù tí wọ́n fi wé rọ́bà kúrò, ìpele kan, ìpele kejì. Abẹ́ rẹ̀ dán. Kò sí ihò, kò sí ojú ọgbẹ́. Ó nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó fi tíṣù funfun yí ibi tó tẹ̀ yẹn ká, ó tún fi yí ibi méjèèjì tí rọ́bà ti wọ irin ká. Ó da omi sí i, ó ní kí Bàbá ṣíná. Gbogbo wa tẹjú mọ́ tíṣù bí ẹni ń wá òṣùpá àwẹ̀.

Tíṣù ìsàlẹ̀ gbẹ. Èyí tó wà lókè, níbi tí rọ́bà ti wọ ọrùn pọ́ńpù omi, ló kọ́kọ́ rin ní ẹ̀gbẹ́ kan. Omi náà yọ bí òógùn, ó rọra gba ẹ̀yìn rọ́bà sọ̀kalẹ̀, ó dé ibi tó tẹ̀ kọdọrọ, ó kán.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ibi tí omi ti ń kán kọ́ ló ti ń jò." Ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kadà dúró, tí Ìyá Alágbo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́. "Níbo ni obìnrin náà wà? Jáde lábẹ́ ọkọ mi!" Bàbá ní, "Ìyá, èmi nìyí, mo dúró níbí." Ìyá wo Bàbá, ó wo ẹsẹ̀ tó yọ lábẹ́ Píjó, ó wo fóònù rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá wò mí. Mo ń ṣa ẹ̀wà nínú ọ̀rá. Ẹ̀wà tí n kò tíì gbé délé, mo ń ṣa á.

Obìnrin tó ń ta omi tútù sáré wá: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó Bàbá tó ń ra ogún ọ̀rá, tí kì í mu ẹyọ kan? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ sínú omi náà, wọ́n á máa wo abẹ́ rẹ̀." Ìyá wo orókún ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Ọmọ orógùn wálẹ̀. Èmi ń ṣa ẹ̀wà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọmọ náà ṣe tún un ṣe, torí ojú mi ló ṣe. Wáyà ni wọ́n fi di rọ́bà mọ́ ọrùn irin náà. Wáyà kì í tẹ rọ́bà yípo dọ́gba, gígé ló ń gé e. Nígbà tó fa rọ́bà yọ, ọrùn irin náà rí kúrúnkúrún bí ojú tí olóde ti bá jà, nǹkan funfun bí ẹfun sì lẹ̀ mọ́ ọn. Omi kànga tí Bàbá ti ń dà sí i látọdúnmọ́dún kó tó kan píọ̀wọ́tà nìyẹn, ìpẹtà tirẹ̀, ẹfun tirẹ̀. Ó fi sáńpépà ha á títí ó fi dán. Ẹnu rọ́bà ti le bí pọ̀nmọ́ tó gbẹ sórí àtẹ. Ó gé ìwọ̀n ìka méjì kúrò, èyí tó kù ṣì rọ̀, ó sì gùn tó. Ó fi gọ́ọ̀mù pa ọrùn irin náà fẹ́ẹ́rẹ́, bí ènìyàn ṣe ń fi àdí pa ètè. Ó ti rọ́bà wọ̀ ọ́, ó fi kílíìpù onísúkúrù tuntun dì í.

Ibi tó fi kílíìpù sí ló jọ mí lójú. Irin náà ní ètè kan tó yọ síta yípo. Ó ní kílíìpù kò gbọdọ̀ gun ètè yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Ìyá Alágbo ní, "Ó yé mi. Ìdí ló ń di ìró mú." Ọmọ náà ní kí a má sì fún un jù, pé rọ́bà tí a bá fún lọ́rùn pa, ó máa gé.

Ó wá fa kúláńtì aláwọ̀ ewé jáde, ó ní ìdajì rẹ̀, ìdajì omi mímọ́. Bàbá ní nǹkan òyìnbó ni, ti ìlú tí yìnyín ń bọ́. Ọmọ náà ní kì í jẹ́ kí omi dì níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbí, kì í jẹ́ kí omi tètè hó, kì í sì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ìyá Alágbo na etí. Ó sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀. "Àgbo ọkọ̀ ni! Bàbá, ẹ jẹ́ kó mu ún." Iyàn parí. Ó tún béèrè bóyá kí ọkọ̀ jẹun kí ó tó lò ó.

Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni àgbò kan ti já okùn, ó fò sílẹ̀, ó dorí kọ abọ́ kúláńtì. Ọmọ náà sọ súkúrù nù, ó fi ara bo abọ́: "Ẹ mú un! Dídùn ló ń dùn, ikú ni!" Òótọ́ ni, kúláńtì dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ajá, ewúrẹ́ àti ọmọ ènìyàn. Ọkùnrin mẹ́ta ló mú àgbò náà. Ọmọ náà fi omi púpọ̀ fọ èyí tó dà sílẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ó jẹ́ kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìtíì dé ìdérí, ó ń fọwọ́ tẹ rọ́bà, afẹ́fẹ́ ń yọ bí ìfófòó ọṣẹ títí kò fi yọ mọ́. Ó ní bí Bàbá bá rówó, kó ra tẹ̀mósítáàtì padà, torí ẹ́njìnnì tí kò ní in kì í tètè yá, á sì máa jẹ epo. Ó ní ọpẹ́ ni kí Bàbá máa dá, pé orí ẹ́njìnnì náà alumíníọ̀mù ni, ara rẹ̀ irin. Bí ooru bá pọ̀, alumíníọ̀mù á wú ju irin lọ, orí á wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì á jó, owó àgbò mélòó kan á sì bá a lọ. Owó kílíìpù náà kò tó owó búrẹ́dì kan.

Aago mẹ́fà ni Bàbá ń wọlé báyìí. Ilẹ̀ abẹ́ Píjó gbẹ. Ìyá Alágbo kò dáhùn ìkíni mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó fi ìgò àgbo kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní ti ẹnu ni. N kò tíì bi í bóyá mímu ni tàbí fífọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ yẹ omi rẹ̀ wò láràárọ̀ kó tó gbóná, kí ẹ sì nu ún gbẹ kí ẹ tó dárúkọ ibi tó ń jò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ àtijọ́, ẹ ṣe bákan náà. Ó yá, àkàrà ti jinná. Ti èló?